Ìpolówó ogun gba ìgboro Kyiv: Kí ló dé táwọn ọmọ-ogun Ukraine fi ń fúnra wọn wá ẹni tí yóò bá wọn jà?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, ọdún 2022, ohun méjì tí kò bára wọn mu ló ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà nítorí orílẹ̀-èdè Ukraine. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń kàwé níbẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn nínú òtútù lọ sí ibodè Poland, Hungary àti Romania, kí wọ́n lè sá fún àdó olóró tí Rọ́ṣíà ń jù, ìjọba àpapọ̀ sì rán ọkọ̀ òfurufú lọ kó wọn wálé. Láàárín àsìkò kan náà, l'Abuja, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan kóra wọn lọ sí ilé-iṣẹ́ aṣojú Ukraine, wọ́n ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn sílẹ̀, àwọn fẹ́ẹ́ lọ jagun. Ìwé ìròyìn ní wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún. Ìròyìn tún jáde pé wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ẹ́ lọ wá ẹgbẹ̀rún kan dọ́là fún owó ọkọ̀ òfurufú àti físà, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ Ukraine sẹ́ kanlẹ̀, wọ́n ní àwọn kò béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìjọba Nàìjíríà fìkìlọ̀ síta pé àwọn kò fara mọ́ ọn kí wọ́n máa kó ọmọ ilẹ̀ yìí lọ jagun kiri. Ní Senegal, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ńṣe ni ìjọba ibẹ̀ pe aṣojú Ukraine, tí wọ́n sì ní kó yọ ìpè tó gbé sórí Facebook kúrò kíá.

Ohun tó gbé àwọn ọ̀dọ́ náà dé ẹnu ọ̀nà yẹn ni ìpè tí Ààrẹ Volodymyr Zelensky pè ní ọjọ́ 27, oṣù kejì, ọdún náà, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà ya wọ ilẹ̀ wọn, pé kí àjèjì tó bá fẹ́ẹ́ gbèjà Ukraine máa bọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun àjèjì tí òun ń dá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àjèjì yìí ló gba ẹnu aráyé nígbà náà. Ká sòótọ́, àjèjì kò lè ja ogun náà tán fún wọn. Àwọn ọmọ Ukraine fúnra wọn ló ń jà á, ibi tí ìṣòro sì wà ni pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ẹni tó fẹ́ẹ́ fínnúfíndọ̀ wọṣẹ́ ológun ń dín kù, débi pé ẹ̀ka ọmọ-ogun kọ̀ọ̀kan wá ń polówó ara rẹ̀ bí ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ọtí bá ń polówó ọtí tuntun.

Kò rí báyìí níbẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí ogun náà bẹ̀rẹ̀, ńṣe ni èrò tò lọ rẹrẹ níwájú àwọn ọ́fíìsì ìgbanisíṣẹ́ ológun ní Kyiv, Lviv àti àwọn ìlú mìíràn. Tíṣà wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀, oníṣòwò àti olórin náà wà níbẹ̀. Wọ́n pín ìbọn fún aráàlú ní Kyiv, wọ́n sì dá àwọn mìíràn padà sílé nítorí pé èrò ti pọ̀ jù. Ìjọba ti pàṣẹ pé ọkùnrin tó bá wà láàárín ọdún 18 sí 60 kò gbọdọ̀ jáde kúrò nílùú, àmọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kò nílò àṣẹ kankan. Àwọn kan tiẹ̀ ti wà lókèèrè jẹ́ẹ́jẹ́ wọn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wọkọ̀ padà wálé kí wọ́n lè gbébọn.

Àwọn wọ̀nyí ni ogun náà kọ́kọ́ jẹ. Lọ́dún 2023, ìjà ìlú Bakhmut gba ẹ̀mí púpọ̀, nígbà tó sì di àsìkò ooru ọdún yẹn, ìkọlù tí wọ́n ṣe ní gúúsù láti gba ilẹ̀ wọn padà kò kẹ́sẹ járí, nítorí àdó olóró tí Rọ́ṣíà rì mọ́lẹ̀ àti yàrà tí wọ́n gbẹ́ ní ìpele-ìpele. Ní oṣù kejì, ọdún 2024, Zelensky sọ pé 31,000 ọmọ-ogun òun ló ti kú; nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá ọdún kan náà, ó ní iye náà ti di 43,000, àti pé ìgbà 370,000 ni ọmọ-ogun òun ti ṣèṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ṣèṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Iye tí ìjọba fẹnu ara rẹ̀ sọ nìyẹn o.

Ikú nìkan kọ́ ló ń lé ọkùnrin sẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n bá fi òfin mú wọṣẹ́ kò mọ ọjọ́ tí yóò padà sílé. Láti ìparí ọdún 2023 ni àwọn ìyàwó ológun ti ń gbé páálí dúró ní ìgboro Kyiv, tí wọ́n ń béèrè pé ọjọ́ wo ni ọkọ àwọn yóò sinmi. Nígbà tí ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin ń ṣiṣẹ́ lórí òfin ìgbanisógun tuntun, wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá ti lo oṣù 36 lè lọ sílé, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dìbò lé e lórí ní oṣù kẹrin, ọdún 2024, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Oṣù yẹn kan náà ni Zelensky bu ọwọ́ lu òfin tó mú ọjọ́-orí ìgbanisógun wálẹ̀ láti ọdún 27 sí 25. Ẹ wo bí ọkùnrin ẹni ọdún 26 tó wà ní Kharkiv yóò ṣe gbọ́ ìròyìn méjèèjì yìí papọ̀: ó ti yẹ lẹ́ni tí wọ́n lè mú, bí wọ́n bá sì mú un, kò sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí yóò dé.

Àwọn ọ́fíìsì ìgbanisógun náà tún ba orúkọ ara wọn jẹ́. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2023, Zelensky lé gbogbo ọ̀gá ọ́fíìsì náà ní ẹkùn-ẹkùn, lẹ́yìn tí ìwádìí tú àwọn tó ń gba rìbá kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ẹni tí ara rẹ̀ le kò yá, tàbí kí wọ́n lè ran ọkùnrin lọ́wọ́ láti sá gba ibodè kọjá. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì yìí á dá ọkùnrin dúró ní títì, wọ́n á yẹ ìwé rẹ̀ wò, bí ìwé kò bá péye, ó di inú bọ́ọ̀sì. Fídíò ibi tí wọ́n ti ń wọ́ ènìyàn tuurutu kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, débi pé àwọn ará Ukraine fi bọ́ọ̀sì yìí ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, 'busyfikatsiya', ìyẹn fífi bọ́ọ̀sì gbéni lọ sógun. Ìwé atúmọ̀ èdè orí íntánẹ́ẹ̀tì kan yàn án ní ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ jù lọ́dún 2024.

Ibi tí àwọn bìrìgéèdì, ìyẹn ẹ̀ka ọmọ-ogun tó máa ń ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn nínú, ti yọjú nìyẹn. Wọ́n rí i pé ẹni tí wọ́n fi bọ́ọ̀sì gbé wá kì í jà bí ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Wọ́n wá ṣí ọ́fíìsì tiwọn, wọ́n gba àwọn tó mọ̀ nípa ìpolówó, wọ́n sì gbé pátákó ńláńlá sí ojú títì káàkiri ìlú. Bìrìgéèdì Kẹta tí í máa ṣe ìkọlù, Azov, Khartiia tí oníṣòwò kan dá sílẹ̀ ní Kharkiv lọ́dún 2022, àti àwọn tó ń jẹ́ Ìkookò Da Vinci, tí wọ́n fi ìnagijẹ ọ̀gá wọn tó kú nítòsí Bakhmut lẹ́ni ọdún 27 sọ orúkọ, gbogbo wọn ló ń pe ọ̀dọ́. Ìjọba pàápàá rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ní ìparí ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ ètò ààbò bá Lobby X tó máa ń báni wáṣẹ́ dòwò pọ̀, ní oṣù kejì, ọdún 2024, wọ́n sì ṣí ojúkò ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Lviv.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ wọlé yóò yan bìrìgéèdì tó wù ú, yóò sì yan iṣẹ́: awakọ̀, alásè, nọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì, akọ̀wé, tàbí ẹni tí yóò máa darí dúróònù, ọkọ̀ òfurufú kékeré aláìlẹ́nìkan-nínú tó ti di ohun ìjà gbòógì nínú ogun yìí. Wọ́n á pè é wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bó bá wù wọ́n, wọ́n á fún un ní ìwé tó fi hàn pé àwọn ń fẹ́ ẹ, òun ni yóò mú dé ọ́fíìsì ìgbanisógun fún àyẹ̀wò ara àti ìforúkọsílẹ̀, kí wọ́n má baà gbé e lọ síbòmíràn. Bìrìgéèdì Kẹta tún fi jàǹjálá kan kún un: lọ́dún 2024, wọ́n ní kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ àwọn, kó gbé ìbọn, kó sáré, kó sùn síbẹ̀, bí kò bá sì wù ú, kó máa lọ sílé.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ pé Andriy Biletsky tó darí Bìrìgéèdì Kẹta yìí, kó tó di ọ̀gá ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tó tóbi jù ú lọ ní ọdún 2025, ni ẹni tó dá Azov sílẹ̀ lọ́dún 2014, àti pé olóṣèlú tó fara mọ́ ìran tiwa-lókù gidi ni tẹ́lẹ̀. Rọ́ṣíà kò dákẹ́ ariwo lórí èyí rí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ bìrìgéèdì náà, ẹ̀kọ́ tó péye, ohun ìjà àti ọ̀gá tí kì í fi ẹ̀mí ènìyàn ṣòfò ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá, kì í ṣe òṣèlú Biletsky.

Ohun tí pátákó wọ̀nyí ń tà gan-an nìyẹn. Wọn kò ta ìfẹ́ ilẹ̀ baba ẹni, nítorí ọmọ Ukraine kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun pé Rọ́ṣíà ń jó ilé òun. Orúkọ rere ọ̀gágun ni wọ́n ń tà: pé ní ọ̀dọ̀ tiwa, a ó kọ́ ọ kó o tó dé yàrà, a kò sì ní í rán ọ lọ síbi tí kò nídìí. Bí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ náà sódì, ẹ ó rí i pé ó ń sọ pé àwọn ibì kan wà tí wọn kì í ti í ṣe bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìpolówó yìí ń pín ọmọ-ogun sí méjì ju bó ṣe ń sọ wọ́n di púpọ̀ lọ. Bìrìgéèdì tó lórúkọ ń kó ọ̀dọ́ tó lókun. Èyí tí kò lórúkọ ń gba ẹni tí bọ́ọ̀sì gbé, ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní ogójì ọdún, wọn kò sì fẹ́ẹ́ wà níbẹ̀.

Bìrìgéèdì 155, tí wọ́n pè ní Anne ti Kyiv, fi ojú irú rẹ̀ hàn wá. Ilẹ̀ Faransé kọ́ apá kan nínú wọn níjà, Ààrẹ Emmanuel Macron pàápàá lọ wò wọ́n ní oṣù kẹwàá, ọdún 2024, ohun ìjà tó dára sì wà lọ́wọ́ wọn. Kí ọdún náà tó parí, akọ̀ròyìn Yurii Butusov tú u síta pé nǹkan bí 1,700 nínú wọn ti fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, àwọn kan tiẹ̀ sá láti ilẹ̀ Faransé níbi tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ìbọn Faransé kò lè di ìgbẹ́kẹ̀lé mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìjọba wá fi owó gbìyànjú. Ní oṣù kejì, ọdún 2025, wọ́n kéde àdéhùn ọlọ́dún kan fún ọ̀dọ́ ẹni ọdún 18 sí 24, àwọn tí òfin kò tíì lè mú rárá: mílíọ̀nù kan hryvnia, owó ilẹ̀ wọn, tó tó nǹkan bí 24,000 dọ́là. Wọ́n á san 200,000 nínú rẹ̀ ní kété tó bá ti fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀dọ́ náà yóò tún lè yá owó ilé láìsan èlé, yóò kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, bí ọdún bá sì pé, yóò lè jáde lọ sókè òkun, wọn kò sì ní í mú un sógun fún ọdún kan. Ẹ kíyè sí i pé àdéhùn yìí ní ọjọ́ àtijáde, èyí tí baba tàbí ẹ̀gbọ́n ọ̀dọ́ náà tó wà nínú yàrà láti ọdún 2022 kò ní. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Pavlo Palisa láti ọ́fíìsì Ààrẹ sọ pé àwọn tó ti fọwọ́ sí i kò tó 500. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ìjọba yí ọwọ́ padà, wọ́n ní kí ọkùnrin ẹni ọdún 18 sí 22 máa gba ibodè kọjá bó bá wù ú, ọ̀pọ̀ sì gba Poland àti Jámánì lọ. Oṣù kan ṣáájú èyí ni wọ́n ti ṣòfin pé àgbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún lè tọwọ́ bọ̀wé wọṣẹ́ ológun. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti gba ààyè tiwọn láti oṣù karùn-ún, ọdún 2024.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Rọ́ṣíà rọ́wọ́ mú ju èyí lọ. Owó ńlá ni àwọn náà fi ń tan ọkùnrin, wọ́n sì na ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 2025, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Ukraine, Andrii Sybiha, sọ pé ó kéré tán, ọmọ Áfíríkà 1,436 láti orílẹ̀-èdè 36 ló wà nínú ogun lọ́dọ̀ Rọ́ṣíà. Àwọn kan nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sọ pé iṣẹ́ lásán ni wọ́n ṣèlérí fún àwọn kí àwọn tó bá ara àwọn nínú aṣọ ológun.

Nígbà tí Mykhailo Fedorov fẹ́ẹ́ di mínísítà ètò ààbò Ukraine ní oṣù kìíní, ọdún 2026, ó dúró níwájú àwọn aṣòfin, ó ní nǹkan bí 200,000 ọmọ-ogun ló ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìgbàṣẹ, àti pé mílíọ̀nù méjì ọkùnrin ni ọ́fíìsì ìgbanisógun ń wá. Láti ọdún 2024 ni òfin ti wà pé ẹni tó bá sá lẹ́ẹ̀kan lè padà láìṣẹ̀wọ̀n, bí ọ̀gágun kan bá gbà á. Kò pẹ́ sígbà náà tí Bìrìgéèdì 47 gbé ìpolówó tuntun jáde. Àwọn tó sá gan-an ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: wọ́n ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn.