Inú Ara Ni Ìnárun Ń Gbé

Àwọn àgbà ilẹ̀ Ìbàràpá kì í ka ìnárun sí àrùn ojú awọ lásán. Ní Igbó-Ọrà, ní Ìdèrè àti ní Èrúwà, ìgbàgbọ́ wọn ni pé inú ara ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, pé bí ó bá ru sókè ni ara fi ń yún èèyàn tí ojú rẹ̀ kì í fi í kan oorun. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń se àgbo mu, tí wọn kì í gbẹ́kẹ̀ lé ìpara nìkan. Èyí kò yẹ ní ohun tí akọ̀wé yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí aràn tíntìntín ni àwọn oníṣègùn òyìnbó pàápàá bá nídìí ọ̀pọ̀ ìnárun, aràn kan náà tí í fọ́ ojú àwọn ará etí odò. Oògùn tí a gbé mì ni ó sì ń bá a níbi tí ó wà.

Mectizan ni oògùn náà. Yẹ̀pẹ̀ tí Satoshi Omura hú ní ilẹ̀ Japan ni ìpilẹ̀ rẹ̀ ti wá, ní 1987 sì ni ilé-iṣẹ́ Merck kéde pé ọ̀fẹ́ ni àwọn yóò máa fi ta aráyé lọ́rẹ. Kí ó tó dé, Banocide ni wọ́n ń lò, èyí tí ó lè mú ara yún aláìsàn ju bí àrùn náà ti ń yún un lọ. Bóyá ibẹ̀ ni àwọn kan ti kọ́ ìfura sí hóró oògùn.

Ṣùgbọ́n èrò kan wà tí ó yẹ kí àwọn àgbà jọ̀wọ́ rẹ̀, èyíinì ni pé kò sí ẹni tí a bí tí kò ní ìnárun lára, kí olúwarẹ̀ sáà máa tù ú lójú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Amùkùrù, tí í yé sínú odò tí ń sáré, ni ó ń gbé aràn yìí láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ aràn ni Mectizan ń pa. Ìyá wọn lè wà nínú kókó abẹ́ awọ fún ọdún 10 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tún máa bí òmíràn. Ẹni tí ó lò ó lẹ́ẹ̀kan, tí ara tù, tí ó wá kọ̀ ọ́ lọ́dún kejì, fi ojú ara rẹ̀ sínú ewu. Bí ara bá sì yún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gbé e mì, àwọn ọmọ aràn ni ó ń kú, kì í ṣe májèlé. A kì í fún aláboyún, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5.

Gbogbo ara yíyún kọ́ ni ìnárun, ṣá o. Ẹ́kísímà líle kì í ṣe ti aràn. Àwọn oògùn tí a ń gbé mì fún un, irú prednisolone àti methotrexate, agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn ni wọ́n ń dẹ̀ rọ̀. Dókítà ni í ṣọ́ ẹni tí ń lò wọ́n, kì í ṣe onígbá oògùn inú ọjà.

Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Igbó-Ọrà. Kí wọ́n tó na hóró oògùn sí àgbà kan níbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi í ní ohun tí ìnárun jẹ́ lójú tirẹ̀.