Ẹ Yé Wọn Ihò Láti Etí Páànù Mọ́

Nọ́ńbà 47.5 ló kó ìtìjú bá wa. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, a sì rò pé iṣẹ́ là ń ṣe.

Àpótí ínfátà ni project wa. Ó nílò fáànù tí yóò máa fẹ́ ooru jáde, a sì ra èyí tí gbogbo èèyàn máa ń rà, onígun mẹ́rin tó jẹ́ 120 mm níbùú lóròó. Láti àárín ihò síkúrù rẹ̀ kan sí àárín èkejì jẹ́ 105 mm, ìbáà ṣe Ọ̀ffà lẹ ti rà á, ìbáà ṣe Ìlọrin, ìbáà ṣe Computer Village n'Íkẹjà. Ojú àpótí wa fẹ̀ ní 200 mm. A ṣe ìṣirò: ẹ yọ 105 kúrò nínú 200, ó ku 95, ẹ pín in sí méjì, ó di 47.5. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọn ihò méjì tó wà lápá òsì láti etí òsì, tí a sì wọn méjì tó wà lápá ọ̀tún láti etí ọ̀tún. 47.5 níbi gbogbo. Ó dọ́gba, ó wuyì lójú, a tiẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp.

Nígbà tó yá, transformer kò wọ inú àpótí náà dáadáa. Ọ̀kan nínú wa bá yí 200 sí 216, a tẹ àwòrán jáde, a gbé e lọ bá wẹ́dà kan nítòsí ọjà Ọ̀wọ́dé. Ẹ bá wa ṣírò o: ẹ yọ 47.5 lẹ́ẹ̀mejì kúrò nínú 216. Ó ku 121. Fáànù ò sì lè torí pé àpótí wa fẹ̀ sí i kó kúrò lórí 105 tirẹ̀. Bàbá wẹ́dà gé páànù, ó lu ihò, ó gbé fáànù lé e, ó wò wá. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ni: "Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà." Owó páànù yẹn sì ti wọlẹ̀.

A ò wá pe ẹni tó yí 200 sí 216 lẹ́jọ́. Kí a lè yí nǹkan padà la ṣe ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán; bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, pẹ́ńsù àti bébà ti tó. Ẹni tí a ń bá jà ni ìgbàgbọ́ kan tó ti ta gbòǹgbò láàárín wa, tí àwọn ẹ̀gbọ́n kan tó ti jáde náà sì ń gbè lẹ́yìn: pé ẹni tó bá ń tẹ ìwọ̀n ihò lọ́kọ̀ọ̀kan ló mọṣẹ́, pé ẹni tó bá lo Mirror tàbí Symmetric, ọ̀lẹ ni, ọ̀nà ẹ̀bùrú ló gbà. A ti gbọ́ ọ nígbà tí a jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, a ti gbọ́ ọ nígbà tí a ń múra ìdánwò. Irọ́ ni, irọ́ tó sì ń náni lówó ni.

Ẹ wo 47.5 yẹn dáadáa. Kì í ṣe ìwọ̀n ohunkóhun. Fáànù kò mọ̀ ọ́n, síkúrù kò mọ̀ ọ́n. Àjẹkù ìṣirò ni. Òótọ́ méjì péré ló wà nínú ọ̀rọ̀ ibi tí ihò mẹ́rin yẹn yẹ kó wà: pé 105 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, àti pé àárín wọn ni àárín ojú àpótí. A ò sọ ìkankan nínú méjèèjì fún kọ̀ǹpútà. Ohun kéékèèké mẹ́jọ la sọ fún un, mẹ́rin níbùú, mẹ́rin lóròó, tí gbogbo wọn kàn bọ́ sí òótọ́ lọ́jọ́ tí a tẹ̀ wọ́n. Kọ̀ǹpútà kì í mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ ló máa dì mú, bí ẹ tilẹ̀ ní nǹkan mìíràn lọ́kàn.

Bó ṣe yẹ ká ṣe é kò le rárá. Nínú FreeCAD, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni (ẹ̀yin tí ẹ ń wá SolidWorks ayédèrú kiri títí fáírọ́ọ̀sì fi jẹ kọ̀ǹpútà yín tán, ẹ gbọ́ o), ẹ fi àárín ojú àpótí sí origin kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ ya onígun mẹ́rin kan, kí ẹ sọ ọ́ di construction, ìyẹn ìlà tí kò ní di irin. Ẹ mú igun rẹ̀ tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ mú èyí tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì, ẹ mú origin, ẹ tẹ Symmetric. Ẹ fún ìbú rẹ̀ ní 105, ẹ fi Equal sọ òró rẹ̀ di bákan náà. Ẹ fi ihò róbótó sí igun kọ̀ọ̀kan, ẹ fi Equal so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kí ẹ sì fún ẹyọ kan ní 4.5 nítorí síkúrù M4. Ó tán. Nọ́ńbà méjì. Tiwa jẹ́ méjìlá, ẹ ka tàwọn ìwọ̀n fífẹ̀ ihò mọ́ ọn. Ẹni tó ní nọ́ńbà méjìlá láti ṣọ́, ọ̀nà méjìlá ló ní láti ṣìnà.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ Mirror tàn yín jẹ. MIRROR inú AutoCAD ń ṣe ẹ̀dà ni, ó sì ń gbàgbé lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sún ihò ọ̀tún, ihò òsì kò ní mira, àyàfi tí ẹ bá fi constraint dè wọ́n. Mirror inú sketch SolidWorks ní tirẹ̀ máa ń rántí. Ohun tí à ń pè fún ni kí ìdọ́gba náà di òfin nínú model. Òfin báyìí kì í ṣe àṣà tuntun: nígbà tí Ivan Sutherland gbé Sketchpad jáde ní MIT ní Amẹ́ríkà ní 1963, èèyàn ti lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà pé kí ìlà méjì gùn dọ́gba, ẹ̀rọ á sì tún àwòrán ṣe fúnra rẹ̀. Ó ti lé ní 60 ọdún. Àwa ṣì ń tẹ 47.5.

Bàbá wẹ́dà tó wò wá bí ẹni wo ọmọdé, ẹ lọ wo bí àwọn fúnra wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ tí kò bá sí àwòrán wa níbẹ̀. Ẹfun ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú. Wọ́n á fa ìlà àárín, wọ́n á wọn ọ̀tún láti ibẹ̀, wọ́n á wọn òsì láti ibẹ̀. Wọn kì í gbẹ́kẹ̀ lé etí páànù, torí etí tí wọ́n fi dísìkì gé lè fi mílímítà kan tàbí méjì yẹ̀, àṣìṣe etí á sì wọnú ihò. Kí ló dé tí wọn ò ṣe tiwa bẹ́ẹ̀? Nítorí pé a kọ 47.5 sórí bébà, àwa la sì ń sanwó.

Ẹni tó bá rò pé a ń ṣe àsọdùn, kó rìn dé ìdí ojú irin rélùwéè tó ti gba Ọ̀ffà kọjá láti ohun tó lé ní 100 ọdún. Níbi tí irin méjì bá ti forí kora, tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ àti bóòtì dè wọ́n, iye ihò tó wà lápá kan ló wà lápá kejì, ibi tí irin méjèèjì ti pàdé sì ni àárín. Ihò ara irin náà tún fẹ̀ ju bóòtì lọ, nítorí oòrùn ń mú kí irin gùn sí i. Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ́ ẹ kò ní kọ̀ǹpútà kankan.

Ká má purọ́, àwọn tó ń bá wa jiyàn ní ọ̀rọ̀ kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń lu ihò kò lè fọwọ́ kan origin. Etí páànù nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ lè tẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwòrán orí bébà yàtọ̀ sí model. Lórí bébà, ẹ fa ìlà àárín, ẹ kọ 105 sáàárín ihò méjì, bí wẹ́dà bá sì fẹ́ ìwọ̀n láti etí, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kà á jáde láti inú model. Lọ́jọ́ tí 200 bá di 216, 47.5 á di 55.5 lórí bébà láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

A ò sì sọ pé kí gbogbo nǹkan dọ́gba o. Ẹ wo púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta inú yàrá yín, irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìlànà BS 1363 gbé kalẹ̀ ní 1947. Ọ̀tún rẹ̀ bá òsì dọ́gba, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ kò bá ìsàlẹ̀ dọ́gba. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má lè dojú rẹ̀ kodò kó tún wọlé. Ìdérí tó ní ojú kan ṣoṣo tó yẹ kó kọ sí, tí ẹ wá lu ihò mẹ́rin tó dọ́gba sí, ẹnì kan á dé e sódì lálẹ́ ọjọ́ tí NEPA bá múná lọ. Ẹ yẹ ihò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó hàn nínú model pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi 6 mm yẹ̀ ẹ́ kúrò ní ipò ìdọ́gba ni, kó má jẹ́ àjẹkù ìṣirò mìíràn.

Ohun tí à ń béèrè kò pọ̀. Kí ẹni tó bá ń yẹ iṣẹ́ wa wò, ìbáà ṣe olùkọ́, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ wa, má kàn máa ka ìwọ̀n lórí àwòrán kó sì fún wa ní máàkì. Kó yí ìwọ̀n kan padà, kó wo ohun tí àwọn ihò máa ṣe. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà l'Ékòó àti lókè òkun, tí ẹ máa ń sọ pé nígbà tiyín ọwọ́ lẹ fi ń wọn gbogbo ẹ̀: lórí T-square yẹn náà, ṣebí ìlà àárín lẹ kọ́kọ́ ń fà. Àbí ẹ ti gbàgbé?

Àwa ti ra páànù mìíràn. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ ṣí fáìlì project yín, ẹ fi 16 kún fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wo ibi tí àwọn ihò yín máa sá lọ.