Oúnjẹ Ẹni Tí Ń Sùn Lójú Ọ̀nà

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ebi ojú ọ̀nà sì burú ju ti ilé lọ, nítorí pé ẹni tí ó wa tírélà láti Èkó lọ sí Kánò, ìrìn tí ó tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, tí ọkọ̀ sì kọṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nítòsí Bódè Sáàdù, kò ní ilé ìdáná, kò ní fíríìjì, kò sì ní aya tí yóò gbé abọ́ ka iwájú rẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ni òun àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ yóò tẹ́ ẹní sí, títí tí mẹkáníìkì yóò fi dé.

Àwọn baba wa na irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láìmọ ohun tí ń jẹ́ yìnyín. Àwọn Òṣómàáló, Ìjẹ̀ṣà ọmọ Ọbokún, tí wọ́n ń ru aṣọ àwìn láti ìletò dé ìletò, àti àwọn alájàpá gbogbo, mọ̀ pé omi ni ọ̀tá oúnjẹ arìnrìnàjò. Ìdí nìyí tí a fi ní àádùn, ẹja yíyan àti èlùbọ́.

Gàrí ni olórí gbogbo wọn. A bó ẹ̀gẹ́, a rin ín, a dì í sápò, a gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro, kí ó sì kan. Lẹ́yìn náà a jọ̀ ọ́, a sì yan án nínú agbada. Kíkan àti fífún yẹn ń dín oró inú ẹ̀gẹ́ kù, iná sì ń gba omi tí ó ṣẹ́kù. Kí ẹni tí ó fẹ́ dì í rìn bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ó fún un pinpin, kí ó sì la ọwọ́: bí ó bá dà gba àárín ìka, ó gbẹ, bí ó bá dì mọ́ra bí èbà àná, kí ó má rà á.

Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni kúlà ìrẹsì tí àwọn ará ilé ń dì fún awakọ̀ ní ìdájí. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìrẹsì gbígbóná tí a dé pa ń làágùn, ó sì ń di lílọ́wọ́ọ́wọ́ bí ọjọ́ ti ń lọ. Láàárín ìwọ̀n 5 sí 60 Celsius gan-an ni kòkòrò àìfojúrí sì ń gbèrú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ sísè má wà bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 2 lọ. Àwọn kan ní àwọn yóò tún un gbé kaná. Ṣùgbọ́n májèlé tí irú kòkòrò kan ń tú sínú ìrẹsì kì í gbọ́ ti iná. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Bákan náà ni kúlíkúlí tí ó ti bu: nínù ún kò mú oró rẹ̀ kúrò.

Ẹ̀yin awakọ̀ wa, ẹ gbé sítóòfù kékeré, kí ẹ sì se ìwọ̀nba tí ẹ óò jẹ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin olórí ibùdókọ̀, ẹ fi díẹ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń gbà lójoojúmọ́ gbẹ́ kànga tí ó mọ́ sí ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń sùn, nítorí pé bí gàrí ti wù kí ó gbẹ tó, ẹni tí ó bá fi omi gọ́tà rẹ ẹ́ lè kó onígbáméjì.