Ilẹ̀kùn Ìgbàlódé Nílò Ọ̀nà Àsálà
Ilé tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣètò bí àwọn tó wà nínú rẹ̀ yóò ṣe jáde nígbà ewu. Ní àwọn ìlú ńlá wa, káàdì àti ìtẹ̀ka ti ń gba ipò kọ́kọ́rọ́ ní ọ́fíìsì àti ilé gbígbé. Àǹfààní rẹ̀ kò kéré: bí káàdì bá sọnù, a lè fagi lé e láìpààrọ̀ àgádágodo, ẹ̀rọ náà sì lè ṣàkọsílẹ̀ ẹni tó wọlé àti àkókò tó wọlé. Àmọ́ bí iná mànàmáná bá lọ, ilẹ̀kùn kan a ṣí fúnra rẹ̀, òmíràn a dì pinpin. Bí èyí tó ń dì kò bá ṣeé fọwọ́ ṣí láti inú, ó lè há ènìyàn mọ́ inú ìjàm̀bá iná. Ti ìtẹ̀ka náà tún wà níbẹ̀: a lè pààrọ̀ káàdì tí wọ́n jí, a kò lè pààrọ̀ ìka. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 sì ka àkọsílẹ̀ ìtẹ̀ka mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra pàtàkì. Nítorí náà, kí àwọn aláṣẹ tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé kọ èyí tí kò fi ọ̀nà àsálà hàn. Kí àwọn tó ń rí sí ìdènà iná máa dán ilẹ̀kùn wọ̀nyí wò lóòrèkóòrè. Kí àwọn tó ń mójú tó òfin dátà sì bi onílé léèrè ibi tó ń kó ìtẹ̀ka pamọ́ sí, àti ìgbà tí yóò pa á rẹ́.