Ọ̀sẹ̀ Kan ní Spéìn: Ìlú Kan Tó

Ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí Spéìn fún ìgbà àkọ́kọ́ a fẹ́ fi ọjọ́ méje wo Madrid, Barcelona àti Sevilla pọ̀. Ní tèmi o, ẹ dúró sí Madrid.

Owó ni ìdí kìíní. Ilé ìtura mẹ́ta àti owó ọkọ̀ ojú irin lè jẹ owó oúnjẹ tán. Ní Madrid, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wo ilé àwòrán Prado ní wákàtí méjì tó kẹ́yìn ìrọ̀lẹ́. Ẹ lè pín in wò ní ọjọ́ mẹ́ta. Guernica tí Picasso yà ní 1937 wà ní Reina Sofía. Bí ìlú bá sú yín, kò pé wákàtí kan tí ọkọ̀ ojú irin fi ń dé Toledo.

Ìdí kejì ni ará ìlú. Aago méjì ni wọ́n ń jẹun ọ̀sán, alẹ́ a di aago mẹ́sàn-án. Ẹni tó ń sáré kò ní bá wọn jókòó.

Ẹ tètè wá físà: oṣù mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n ti ń gbà á wọlé, ó pẹ́ jù ọjọ́ 15, pẹ̀lú ìwé adójútòfò 30,000 yúrò. Ìlú kan, ilé ìtura kan: àlàyé yín kò ní lọ́jú pọ̀.