Bọ́ọ̀lù Wà Lẹ́sẹ̀, Ìwé Àṣẹ Ńkọ́?

Ẹni tó bá gba Campos kọjá nírọ̀lẹ́ yóò rí àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń fi bọ́ọ̀lù dárà. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń lọ, Premier League ni wọn yóò dárúkọ. Kò burú. Ohun tó ń dùn wá ni pé àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ òbí wọn kì í sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń wọ pápá lọ́hùn-ún.

Nígbà tí Teslim Balogun, ọmọ Èkó tí wọ́n ń pè ní Thunder, lọ sí Peterborough ní 1955, kò nílò ìwé àṣẹ iṣẹ́ kankan. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì la wà. Lójú òfin, ọmọ onílé ni. Òfin ọdún 1962 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn yẹn.

Ẹ wá wo Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin, tó bá Nàìjíríà gba ife àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ ní 2013. Liverpool rà á ní 2015. Àmọ́ iye ìgbà tí èèyàn ti gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ àgbà orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni òfin ìgbà náà ń wò jù, òun kò sì tíì wọ aṣọ Super Eagles rí. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń yá a kiri, Jámánì, Netherlands, Bẹ́ljíọ̀mù, ẹ̀ẹ̀meje! Ìwé àṣẹ dé ní 2021. Ọdún yẹn náà ni wọ́n tà á, kò gbá ìdíje kan ṣoṣo fún Liverpool. Ẹni tí Liverpool dúró tì lẹ́yìn nìyẹn o.

Láti 2021, máàkì 15 ni FA ń béèrè: ipò orílẹ̀-èdè rẹ, líìgì rẹ, ìṣẹ́jú tí o lò lórí pápá. Kíláàbù Gẹ̀ẹ́sì kò sì lè ra ọmọ tí kò tíì pé 18 láti òkèèrè. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mówó wá, pé ọmọ yín ọlọ́dún 16 ń lọ gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Lọ́ńdọ̀nù, olè ni.

Gẹ̀ẹ́sì àwọn amòfin ni wọ́n fi kọ òfin wọ̀nyí. Àwa tí à ń kọ́ ìtumọ̀ èdè ńkọ́? (Ewì tí a ti túmọ̀ ti tó.) Ojú ìwé kan péré ni, tí a ó lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà Campos àti pápá Oníkan, tí ìyá tó ń tajà ní Ìdúmọ̀tà lè kà. Ẹnìkan nínú wa ní "òǹkà" ló yẹ ká pe máàkì; àwa yòókù kọ̀, torí máàkì làwọn ọmọ náà mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa ṣe é, kó yọjú. Òfin ọjọ́ orí la ó kọ́kọ́ túmọ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹ̀tàn gbowó lọ́wọ́ àwọn òbí.