Ìṣọ́ Ni Ó Kù

Àwọn baba wa a máa wí pé agẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó ni ó kù sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gé igbó tán, níbo ni ọmọ agẹmọ yóò ti jó?

Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Màláwì, agẹmọ kan wà tí kò gùn tó ìka ọwọ́ wa, tí a kò rí ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní 1992 ni àwọn onímọ̀ sọ ọ́ ní Rhampholeon chapmanorum. Láàrin 1984 sí 2019, nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 igbó rẹ̀ ni ó ti di oko. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ pé ó ti run, kí a tó tún rí i ní 2016 nínú igbó díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù. Kò sì lè la oko kọjá lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwa kò dá àgbẹ̀ tí ebi ń pa lẹ́bi. Ẹni tí ó bá ní kí ó fi igbó sílẹ̀, kí ó ràn án lọ́wọ́ kí oko tí ó ti ro lè bọ́ ọ. Iṣẹ́ méjì ni Ọlọ́run fi lé Ádámù lọ́wọ́ nínú ọgbà: ríro àti ṣíṣọ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé wa, a ti ro; ìṣọ́ ni ó kù.